Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé



Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àwọn àgbà mọ́kànlá tí mo ń kọ́ ní ìwé ní Kétu wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo. A fẹ́ lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi orúkọ Alexandre Sènou Adandé pè. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Adandé fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ní ayé ìjọba Faransé, ó ṣiṣẹ́ ní Dakar, ní ilé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní IFAN. Ó sì kọ ìwé kan jáde ní 1962 lórí ọ̀pá àṣẹ àwọn ọba Dàǹhọ̀mẹ̀.

A rí ìlù, a rí aṣọ, a rí ìkòkò. Nígbà tí a dé ibi tí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà, àwọn ènìyàn mi dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Kétu kì í rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí ó kàn kọjá lọ. Ìyá kan wà láàárín wa tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Oṣù mẹ́ta péré ni ó tí ì lò lẹ́nu ìwé. Ó sún mọ́ ère náà, ó rí nǹkan kékeré funfun kan ní etí rẹ̀. Nọ́ńbà ni. Ó kà á sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń ka nọ́ńbà ní kíláàsì. Inú rẹ̀ dùn pé òun lè kà á. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní: “Olùkọ́ wa, ta ni ó kọ nọ́ńbà sí Ìyá lára, bí ẹni kọ ọ́ sí àpò àgbàdo?”

Mo dá a lóhùn pé àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń bi àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà léèrè. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ síhìn-ín.

Àká tí àlejò kì í wọ̀

Bí ẹ bá lọ kí àgbẹ̀ kan nílé, iṣu tí ó gbé ka iwájú yín kọ́ ni gbogbo iṣu rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù wà nínú àká. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rí. Ní ìlú Párì, ní etí odò Seine, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní quai Branly. Wọ́n ṣí i ní 2006. Ohun tí ó wà níbẹ̀ lé ní 300,000. Èyí tí wọ́n tò síta fún àlejò jẹ́ nǹkan bí 3,500. Ìyẹn ni pé bí a bá ka ọgọ́rùn-ún, bí ẹyọ kan ni ojú àlejò ń rí. Èyí tí ó ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nìkan lọ síbẹ̀ lé ní 3,000.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú àká yìí? Iṣẹ́ kìíní ni ìwé kíkọ. Nígbà tí ohun kan bá dé, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé ńlá kan. Wọ́n á kọ ohun tí ó jẹ́, ohun tí wọ́n fi ṣe é, bí ó ti ga tó, ibi tí ó ti wá, ẹni tí ó mú un wá, àti ọdún tí ó dé. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọ nọ́ńbà kan náà sí ara ohun náà, ní kọ́lọ́fín ibi tí kò ní bu ẹwà rẹ̀ kù. Wọ́n á kọ́kọ́ fi fáníìṣì díẹ̀ pa ojú ibẹ̀, kí tàdáwà má bàa wọ inú igi, kí ó sì ṣeé nù kúrò bí ó bá yẹ. Ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sọnù dà bí ọmọ tí ó sọnù ní ọjà tí kò tí ì mọ orúkọ bàbá rẹ̀ pè. Ó wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ń wò ó, kò sí ẹni tí ó mọ ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ka nọ́ńbà kan. Ère igi kan wà tí ó dúró fún ọba Béhanzin. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, ìdajì jẹ́ ẹja òkun tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún un ní Párì ni 71.1893.45.3. Ó gùn, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. 71 ń sọ pé ohun náà ti inú ilé àtijọ́ kan wá tí ń jẹ́ Musée de l'Homme. 1893 ni ọdún tí ó wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. 45 ni ìdì ẹrù tí ó bá wá. 3 ń sọ pé òun ni ìkẹta nínú ìdì náà. Ìkíní ni ère ọba Ghezo tí ó ní ìyẹ́ bí ẹyẹ. Ìkejì ni ti ọba Glèlè tí ó ní orí kìnnìún.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà kà, tí kò tilẹ̀ gbọ́ Faransé rárá, ti lè mọ ohun kan: 1893. Ó lè béèrè pé, kí ni ó ṣẹlẹ̀ kí 1893 tó dé?

Ohun tí nọ́ńbà kò sọ

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Agbómẹ̀. Ọ̀gágun Dodds ni olórí wọn. Saint-Louis ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti bí Dodds ní 1842. Ọba Béhanzin ti kúrò ní ìlú, ó sì ti ní kí wọ́n dáná sun ààfin kí ọ̀tá tó dé. Àwọn ọmọ ogun kó lára ohun tí iná kò jó: ìtẹ́, ère, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí, igbá fífín. Dodds fi nínú wọn fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Párì, ní 1893 àti ní 1895. Ní oṣù kìíní 1894, Béhanzin fi ara rẹ̀ lé Faransé lọ́wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Martinique. Ó kú ní Algiers ní 1906. Ní 1928 ni wọ́n gbé egungun rẹ̀ padà wá sílé. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni ère rẹ̀ tó dé.

Nínú ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n kọ orúkọ Dodds sílẹ̀ pé òun ni ẹni tí ó fi àwọn ohun wọ̀nyí tọrẹ. Ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwé náà kò purọ́, nítorí lóòótọ́ Dodds ni ó gbé wọn lé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò sọ bí wọ́n ti dé ọwọ́ Dodds. Èyí ni mo ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ nígbà gbogbo pé kíka ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Ẹ máa wo ohun tí òǹkọ̀wé fò kọjá.

Ní ibí yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí ó wà lọ́kàn àwa ọmọ Kétu. Agbómẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí àwọn bàbá wa ń fi ẹ̀rín pè. Ní 1883, ogun Glèlè dé bá wa, Alákétu Òjékú sì kú nínú rẹ̀. Ní 1886 wọ́n padà wá, wọ́n sàga ti ìlú títí ebi fi pa àwọn ènìyàn, wọ́n sì fọ́ Kétu. Àwọn tí kò kú, wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Agbómẹ̀ ni àwọn tí ó kù láàyè tó rí ọ̀nà padà wá tún ìlú kọ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn ń sunkún nítorí ohun ọrọ̀ Agbómẹ̀ tí Dodds kó lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ń mi orí, wọn kò sọ̀rọ̀.

Nínú ohun ọrọ̀ náà, ìtẹ́ kan wà tí ó ti ìlú Kana wá. Wọ́n gbẹ́ ọba sí apá òkè rẹ̀, ó wà lábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú àwọn ìyàwó rẹ̀. Ní apá ìsàlẹ̀, àwọn ẹrú wà tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so pọ̀, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Mo fi àwòrán ìtẹ́ yìí han kíláàsì mi ní alẹ́ ọjọ́ kan. Bàbá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ gba àwòrán náà, ó gbé e sún mọ́ àtùpà. Kò wo ọba rárá. Ó fi ìka rẹ̀ sí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, ó ní: “Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ọmọ ìlú ibo ni wọ́n?”

Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Agbẹ́gilére kò kọ ọ́ síbẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní alẹ́ náà. Ẹnì kan ní kí Faransé máa gbé irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ẹlòmíràn ní rárá, kí ó wá sílé, nítorí pé níbi tí ọba ti rí ògo rẹ̀, ibẹ̀ náà ni àwa ti lè rí àwọn ènìyàn wa. Ní tèmi, ti ẹnì kejì yìí ni mo gbà. Ìtẹ́ tí ó wà ní Párì, ta ni yóò fi ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kí ó béèrè nípa Kétu?

Ilé ewé, ilé egungun

Ohun kan wà tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ní 1928, wọ́n fi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro sábẹ́ àṣẹ ilé ńlá kan tí ń tọ́jú ẹranko, ewé, òkúta àti egungun. Ilé ńlá yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1635 gẹ́gẹ́ bí ọgbà ewé ìwòsàn ọba Faransé. Ní 1793 ni wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun ẹ̀dá. Ní 1937, Trocadéro di Musée de l'Homme, lábẹ́ àṣẹ kan náà. Ìyẹn ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtẹ́ ọba wa àti ìbòjú wa wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà pẹ̀lú awọ ọ̀bọ àti eyín erin. A kò rí i kí wọ́n fi ìtẹ́ ọba Faransé síbẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí ara ewé àti ẹyẹ, mo rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀ tí àwa náà lè lò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹni tí ń kó ewé jọ a já ẹ̀ka kan tí ó ní ewé àti òdòdó, tàbí èso bí ó bá ṣeé ṣe. A tẹ́ ẹ sáàárín bébà ìwé ìròyìn, a fi pákó méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a fi okùn dè é. A máa pààrọ̀ bébà náà títí ewé yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà líle, wọ́n á sì fi ìwé pélébé kan sí igun rẹ̀. Lórí ìwé pélébé náà ni wọ́n ń kọ orúkọ ewé, ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ tí wọ́n já a, àti orúkọ ẹni tí ó já a. Bí kòkòrò kò bá jẹ ẹ́, irú ewé bẹ́ẹ̀ lè pé ọdún mẹ́ta ọgọ́rùn-ún. Ní ilé ti Párì yìí, irú ewé bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́jọ. Àwa náà ní irú rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Abomey-Calavi, àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ ìwé ńlá kan jáde ní 2006 lórí àwọn ewé àti igi ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Igi oṣè tí gbogbo wa mọ̀, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Adansonia. Orúkọ ọmọ Faransé kan ni, Michel Adanson, tí ó wá sí Sẹ̀nẹ̀gà ní nǹkan bí 1749, tí ó sì lo ọdún bíi márùn-ún níbẹ̀. Ṣé Adanson ni ó kọ́kọ́ rí oṣè ni? Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ti ń fi èèpo rẹ̀ ṣe okùn, wọ́n ti ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀, kí wọ́n tó bí bàbá Adanson. Ṣùgbọ́n Adanson ni ó kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n kà ní ilẹ̀ Faransé, orúkọ rẹ̀ ni ó sì mọ́ igi náà lára.

Ti ẹyẹ yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n á bó awọ ẹyẹ náà pẹ̀lú ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n á yọ ẹran inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi òwú dí i, wọ́n á rán an pa. Wọ́n á tẹ́ ẹ sínú dùrọ́ọ̀ gbọọrọ gbọọrọ, wọ́n á so ìwé pélébé mọ́ ọn ní ẹsẹ̀. Orúkọ ọ̀gá tí ó kó wọn jọ ni ẹ ó rí lórí ìwé náà. Ọdẹ tí ó mọ igbó, tí ó mọ ibi tí ẹyẹ náà ń sùn, tí ó ta á bọ́ láti orí igi, ẹ kì í sábà rí orúkọ tirẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ egungun ni wọ́n fẹ́, tí kì í ṣe awọ, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní kòkòrò kékeré dúdú kan tí ó fẹ́ràn ẹran gbígbẹ. Ẹni tí ó bá ń ta ẹran gbígbẹ tàbí ẹja gbígbẹ ní ọjà mọ irú kòkòrò yìí dáadáa. Wọ́n á gbé òkú ẹran sínú àpótí tí kòkòrò náà wà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Kòkòrò á jẹ gbogbo ẹran ara egungun, kò ní ba egungun kékeré kankan jẹ́. Kòkòrò kan náà yìí, bí ó bá jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀ tí ó sì wọ inú àká tí awọ ẹyẹ wà, àjálù ńlá ni. Òṣìṣẹ́ ni ní yàrá kan, olè ni ní yàrá kejì.

Àwọn kan lè béèrè pé, kí ni wọ́n ń fi ẹgbẹ̀rún ẹyẹ òkú ṣe? Mo béèrè bẹ́ẹ̀ náà. Ìdáhùn kan nìyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ogun ńlá kejì, irú àṣá kan bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹyin rẹ̀ ń fọ́ kí ó tó pa. Ọ̀gbẹ́ni Derek Ratcliffe wá lọ wo àwọn ẹyin àṣá tí àwọn ènìyàn ti kó jọ láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n kọ ọdún sí lára. Ó wọn ìwúwo èèpo wọn. Ó rí i pé láti nǹkan bí 1947 ni èèpo náà ti fẹ́lẹ́, ó dín ní bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ó kọ ọ́ jáde ní 1967. Ọdún tí èèpo fẹ́lẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní DDT. Àwọn onímọ̀ wá rí i dájú pé oògùn náà ni. Bí kì í bá ṣe ọdún tí wọ́n kọ sára ẹyin ni, ẹyin lásán ni ì bá jẹ́. Àwa tí a ń fín oògùn sí òwú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò kì í ṣe eré.

Kòkòrò, ọ̀rinrin, ìmọ́lẹ̀

Mo ti sọ ti kòkòrò. Ó ku ọ̀tá méjì mìíràn. Ọ̀kan ni ọ̀rinrin. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù jù, ohun á bu, á hu funfun. Bí ó bá gbẹ jù, igi á sán. Ìkejì ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo aṣọ tí ẹ sá sí oòrùn fún oṣù kan. Nítorí náà ni àká ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe máa ń ṣókùnkùn.

Ní ayé àtijọ́, wọ́n ń fi májèlé pa kòkòrò. Wọ́n ń fi arsenic ra awọ ẹran àti ẹyẹ, wọ́n ń fi í sí ara ère pẹ̀lú. Májèlé náà kò tí ì kúrò lára wọn. Ìdí kan nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi ń wọ ìbọ̀wọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ohun àtijọ́. Kì í ṣe nítorí ohun náà nìkan, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni. Bí irú ère bẹ́ẹ̀ bá padà wá sí ìlú, tí wọ́n sì gbé e bo orí jó, ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lè fa ikú símú. Ó yẹ kí àwọn tí ń dá ohun padà máa sọ èyí fún àwọn tí ń gbà á.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti fi májèlé sílẹ̀. Wọ́n á wé ohun náà sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e sínú àpótí òtútù bí èyí tí àwọn tí ń ta ẹja yìnyín ń lò, ṣùgbọ́n òtútù tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ á ti kú.

Àwọn ìyá wa kò ní àpótí òtútù. Àjà tí ó wà lókè ààrò ni wọ́n ń lò. Èéfín ń lé kòkòrò kúrò lára irúgbìn àgbàdo, ó sì ń lé e kúrò lára ère. Ohun mìíràn tún wà. Bí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ń bọ̀, a máa ń fọ ère, a máa ń kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Èyí tí ó bá ti jẹrà jù, a gbẹ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tí ó wà lára ère ní ọjọ́ tí ó wọlé ni wọ́n fẹ́ kí ó wà lára rẹ̀ títí láé. Tiwọn ni láti pa ère mọ́. Tiwa ni láti pa ijó mọ́, kí ère máa wá, kí ère máa lọ. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ó jẹ́ ọrọ̀ gbogbo ayé, orin, ijó àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n kà kún, kì í ṣe igi nìkan.

Ìpadàbọ̀

Ní 2016, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba Faransé pé kí ó dá ohun ọrọ̀ Agbómẹ̀ padà. Faransé kọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà. Wọ́n ní òfin àwọn sọ pé ohun ìjọba tí ó bá ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò ṣeé tà, kò sì ṣeé fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kọkànlá 2017, ààrẹ Macron sọ̀rọ̀ mìíràn ní Ouagadougou. Ó ní òun fẹ́ kí ọ̀nà ṣí fún ìdápadà láàárín ọdún márùn-ún. Ó ní kí ọ̀mọ̀wé méjì, Felwine Sarr ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà àti Bénédicte Savoy ọmọ Faransé, ṣe ìwádìí. Wọ́n jábọ̀ ní 2018. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 2020, Faransé ṣe òfin tuntun tí ó dá ohun 26 péré padà fún Bẹ̀nẹ̀. Ohun 26, nínú èyí tí ó lé ní 3,000.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 2021, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní Párì. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn dé Kútọnu. Àwọn ènìyàn tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń jó, wọ́n ń ju ọwọ́ sí àpótí tí wọn kò lè rí inú rẹ̀. Wọn kò tò wọ́n síta lójú ẹsẹ̀. Igi tí ó ti gbé inú afẹ́fẹ́ Párì fún ọdún 128 gbọ́dọ̀ tún mọ afẹ́fẹ́ ilé díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kejì 2022 ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn ní ààfin ààrẹ ní Kútọnu. Ní oṣù karùn-ún 2025, ilẹ̀ Finland náà dá àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan padà, èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní kataklè. Dodds ni ó kó òun náà lọ, Párì sì ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Finland ní 1939.

Ère irin kan wà tí kò sí lára àwọn 26 náà. Ère Ògún ni, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Gu. Ó ga ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn. Faransé kó o ní Ouidah ní 1894. Àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀ sọ pé Akati Ekplékendo ni ó rọ ọ́, alágbẹ̀dẹ kan láti Doumè tí ogun Glèlè kó lẹ́rú wá sí Agbómẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ibi tí ó yẹ kí orúkọ ẹni tí ó ṣe ohun náà wà ṣófo. Ti Akati yìí, ẹnu ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ kí ó tó di kíkọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé alẹ́ àríyànjiyàn wa, ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan wá sí kíláàsì. Ó fi aṣọ wé e. Ó ní bàbá òun ni ó gbẹ́ ẹ, pé ọkùnrin kan ti wá láti Kútọnu lẹ́ẹ̀mejì láti rà á, pé òun kò tíì dá a lóhùn. Ó ní kí a kọ ìwé pélébé fún un bí ti àwọn ewé àti ẹyẹ.

A gé bébà líle kan. Òun ni ó kọ ọ́, èmi ń wò ó. Ohun tí ó jẹ́: ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ohun tí a fi ṣe é: igi ọmọ̀. Ibi tí ó ti wá: Kétu. Nígbà tí a dé ibi ọdún, ó dúró. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ronú títí, ó ní ọdún tí òun bí àkọ́bí òun ni bàbá gbẹ́ ẹ, nítorí pé òun gbé ọmọ pọ̀n nígbà tí òun ń gbé omi fún un ní abẹ́ igi tí ó ti ń gbẹ́ ẹ. Àkọ́bí ní ìwé ìbí. Wọ́n rán ọmọdé lọ mú un wá. 1974 ni ó wà níbẹ̀.

Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí ibi ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó bi mí bóyá ẹni tí ó kọ ìwé pélébé náà lè kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀. Mo ní dandan ni. Ó kọ ọ́. Ó gba ìlà méjì.